Ìpalẹ̀mọ́ fún Ọ̀nà Kùmásí

Ìrìn-àjò tí ó jìnnà kì í bẹ̀rẹ̀ ní gáréèjì. Èyí tí ilé wa fẹ́ lọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kùmásí, bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé ojú òun ti ń ṣókùnkùn, àti pé bí àbúrò òun yóò bá wá wo òun, kí ó tètè wá nígbà tí òun ṣì lè dá ojú rẹ̀ mọ̀. Láti ọjọ́ náà wá ni ilé wa kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ. Àwọn ará Èjìgbò mọ ọ̀nà Abidjan bí àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ ọ̀nà Èkó, wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa àjèjì ni a jẹ́ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Mo sì rò ó pé, níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ti ní ìbátan ní Accra tàbí ní Lomé, kì yóò burú bí mo bá kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí a ti rí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá mi àgbà jẹ́ oníṣòwò aṣọ, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Góòlù Kóòsì nígbà tí bàbá mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ilẹ̀ náà gba òmìnira ní 1957, ó sì di Gánà. Ní Kùmásí ni bàbá mi ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ ọmọ Asante kan, tí ó sì bí ọmọ mẹ́ta fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba tí Ọ̀mọ̀wé Busia jẹ́ olórí rẹ̀ pàṣẹ pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, kí ó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà pọ̀ jọjọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ìwé kankan, nítorí a kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ilé nínú ilé. Ọmọ ọdún 22 ni bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Òun gba ọ̀nà Aflao, ó sùn ní etí bodè fún òru mẹ́ta, ó la Lomé àti Kútọnu kọjá, ó sì dé ilé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ káfíńtà àti aṣọ ọrùn rẹ̀. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó ní àyè láti ké fún ẹni tí a lé wálé.

Láti ìgbà náà wọn kò tíì fojú kan ara wọn. Ní ọdún púpọ̀ owó ni kò sí, àwọn ọmọ ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí owó ọkọ̀ wá pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dé, Gánà sì ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022. Láàárín ọdún méjì wọ̀nyí ni ọkọ Màmá Kùmásí kú. Orí fóònù ni bàbá mi ti gbọ́ orin ìsìnkú náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí àgbàlagbà kò fi wọ ọkọ̀ òfurufú, tí ó ń ti Èkó dé Accra ní nǹkan bíi wákàtí kan? Owó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀, èmi kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù ni pé bàbá mi kọ̀. Ó ní ọ̀nà ilẹ̀ ni a fi lé òun jáde, ọ̀nà ilẹ̀ náà ni òun yóò bá padà wọlé, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru, ṣùgbọ́n tìwé-tìwé ni. Nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ìyàwó mi wò mí, èmi náà wò ó, a sì mọ̀ pé àríyànjiyàn ti parí.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni ó gba agbára wa jù. Ẹ kò lè mọ iye ènìyàn tí ó gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a má da ara wa láàmú. Àgbà kan nínú ìjọ wa pè mí sí ẹ̀yìn ilé ìsìn lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Tíṣà, ta ni yóò bi arúgbó léèrè ìwé? Ẹ fi nǹkan díẹ̀ sọ́wọ́ awakọ̀, yóò bá yín yanjú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà kò burú lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣe é tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún bàbá mi, gbólóhùn kan ni ó fi dá mi lóhùn: “Èmi ti san tèmi ní 1969.”

Mo fara mọ́ ohun tí ó sọ, kì í sì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ bàbá mi. Ẹni tí kò ní ìwé, àánú ẹlòmíràn ni ó fi ń rìn. Bí àánú náà bá tán ní agogo méjì òru ní ojú bodè, kí ni yóò ṣe? Òfin sì wà lẹ́yìn ẹni tí ó ní ìwé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Dakar, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún 10 péré ni ó wà láàárín ìgbà tí a lé bàbá mi àti ìgbà tí a kọ àdéhùn yìí. Àwa náà kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn náà, nítorí ní oṣù kìíní 1983, lẹ́yìn àdéhùn, ìjọba Ààrẹ Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà, ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àti lé wa, àti lé wọn, ìwé ni a fi ṣe gáfárà. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a pinnu pé bàbá yóò lò, kí 90 ọjọ́ má baà sún mọ́ wa rárá, mo sì ti sọ fún un pé kí a má kúrò níwájú oníbodè kan láìwò ó bóyá ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí a wọlé sí ojú ewé.

Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé àwa Ìjẹ̀bú gan-an ni oníbodè àtijọ́? Títí di ìgbà ogun Ìmágbọn ní oṣù karùn-ún 1892, a kì í jẹ́ kí àlejò kọjá lọ sí òkè bí ó ti wù ú, a sì ń gba owó bodè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá. Ọmọ-ọmọ àwọn oníbodè ni ó wá ń tò lórí ìlà báyìí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí a bá sì kà á dáadáa, ẹnubodè mẹ́ta ni ó wà láàárín Èkó àti Accra: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ yóò fi ìwé hàn, yóò sì tún fi í hàn bí ó ti ń wọ èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ kò tó 500 kìlómítà fi lè gba odindi ọjọ́ tàbí òru mọ́jú.

Láti gba ìwé ìrìnnà fún ẹni tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí kì í ṣe ohun kékeré. Inú ìwé ìrìbọmi ìjọ wa ni mo ti rí orúkọ rẹ̀, ní ojú ewé kan tí ìkán ti jẹ ní etí, tí a kọ pẹ̀lú tàdáwà tí ó ti di àwọ̀ ilẹ̀: ọdún 1947. Bàbá mi ti máa ń sọ pé 1945 ni. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òbí àgbàlagbà lọ tètè yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò nígbà tí ìkán kò tíì dé ibi tí orúkọ wà. Lẹ́yìn èyí a búra ọjọ́ orí ní kóòtù, a wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí ibẹ̀ bá èyí mu (kò bá a mu, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó tún un ṣe), kí a tó lọ ya àwòrán. Ibi ìtẹ̀ka ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà kò rí ìlà kankan ní orí ìka rẹ̀. Pákó àti ayùn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán ní bí 50 ọdún. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà ṣe sùúrù púpọ̀. Ó fi aṣọ tútù nu ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìpara díẹ̀ pa á, ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, títí ẹ̀rọ fi gbà á. Bàbá mi súre fún un débi pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn wa ṣe “Àmín.”

Nípa ti ara, mo mú un tọ dókítà lọ kí a tó san owó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí a ń fún ènìyàn ní káàdì yẹ́lò lé lórí, kì í ṣe ohun tí a kàn ń gún fún ẹni tí ó bá ti lé ní 60 ọdún. Ẹni tí ó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba irú rẹ̀ rí, ewu rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà dókítà ni yóò wọ̀n ọ́n, bí kò bá sì yẹ kí ó gbà á, ó lè kọ ìwé tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Dókítà tiwa bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì pinnu pé kí ó gbà á. A ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì; àárẹ̀ ọjọ́ kan ni ó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a gún abẹ́rẹ́ náà ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sí àná ìrìn-àjò. Láti 2016, títí ayé ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ń gbà, a kì í tún un gún lẹ́yìn ọdún 10 bíi ti ìṣáájú.

Ohun kejì ni ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i nínú iṣan ẹsẹ̀, èyí sì léwu púpọ̀ fún àgbàlagbà. Dókítà ní kí bàbá máa ju ọrùn ẹsẹ̀ sókè-sódò nínú ọkọ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ rìn ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Bàbá mi ní èrò tirẹ̀ nípa ti omi: ó fẹ́ kí òun má mu ún rárá láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n òun lójú ọ̀nà. Dókítà bá a wí gidigidi. A ti wá fi àdéhùn sí i: yóò máa mu díẹ̀-díẹ̀, èmi yóò sì máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Hóró oògùn kan wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tí ó ń mú un tọ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ni ó yí wákàtí rẹ̀ padà fún ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá irú rẹ̀ ṣe nínú ilé. Gbogbo oògùn ni yóò wà nínú àpò tí ó wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìwé dókítà, kì í ṣe nínú ẹrù tí a kó sí ikùn ọkọ̀.

Mo lọ wo ọkọ̀ náà ní Èkó kí n tó sanwó. Mo béèrè bóyá awakọ̀ méjì ni ó ń wà á, nítorí ọ̀nà òru kì í ṣe ti ènìyàn kan. Mo béèrè bóyá wọ́n ń dúró de ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pẹ́ lọ́wọ́ oníbodè, nítorí mo ti gbọ́ nípa àwọn kan tí a fi sílẹ̀. Ìjókòó etí àlàfo ni mo gbà fún bàbá, ní iwájú, tí kò sí lórí táyà. Mo rò pé èyí tó. Aṣọ òtútù ni ìyàwó mi fi kún un, nítorí ẹ̀rọ tí ó ń mú ọkọ̀ tutù kò mọ àgbà.

Owó mẹ́ta ni a óò ná: náírà, sẹ́fà fún Benin àti Togo, àti sídì fún Gánà. A ti ṣẹ́ díẹ̀-díẹ̀ sílẹ̀, ní owó kéékèèké, kí a má baà máa tú àpò owó ńlá ní ojú bodè. Bàbá mi mú owó sídì àtijọ́ kan jáde láti inú Bíbélì rẹ̀, ó bi mí bí ó ṣe tó. Mo sọ fún un pé láti 2007 ni wọ́n ti yí owó náà padà, tí 10,000 ti àtijọ́ di ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà sí inú Bíbélì.

Aago pẹ̀lú wà níbẹ̀. Benin ń lo aago tiwa, ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá sí Togo, aago a fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, bákan náà ni ní Gánà. Aago ilé ni a óò máa fi lo oògùn títí a ó fi dé. Bàbá mi sọ fún wa pé nígbà tí òun ń bọ̀ ní 1969, ọwọ́ pàápàá ni awakọ̀ ń yí ní bodè: ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Gánà, ọwọ́ ọ̀tún ní Togo àti Dahomey, ọwọ́ òsì ní Nàìjíríà. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Nàìjíríà yí tirẹ̀ padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Gánà ní oṣù kẹjọ 1974. Dahomey pàápàá ti di Benin láti 1975.

Ọ̀rọ̀ tí ó dá ìbínú sílẹ̀ ni ti ẹrù aláàdúgbò. Bí ó ti tàn kálẹ̀ pé a ń lọ, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìdì wá, èyí fún ọmọ ní Accra, èyí fún àbúrò ọkọ ní Tema. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí a kò bá tú wò lójú mi, èmi kò ní gbé e. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ gbé tirẹ̀ padà, kò sì dá mi lóhùn ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi dá oníbodè lóhùn nípa ohun tí mo gbé tí n kò mọ̀? Èmi kò lè mú àgbàlagbà tí a ti lé nígbà kan rí lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìdì ẹlòmíràn.

Ẹrù tiwa kò pọ̀. Màmá Kùmásí ní kí a má gbé ewùrà wá, ó wà lọ́pọ̀lọpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, afaseɛ ni wọ́n ń pè é, òun ni ó sì ti ń fi í se ìkọ́kọrẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Gààrí Ìjẹ̀bú ni ó béèrè, èyí tí ó kan dáadáa. Ìyàwó mi ra baagi oníkan-ǹ-kan kan ní ọjà láti kó o sí, irú èyí tí gbogbo wa mọ orúkọ tí a fún un láti 1983. Bí bàbá mi ti rí i, ó ní a kò ní gbé baagi náà wọ Kùmásí lójú òun. Àpò ìyẹ̀fun funfun ni gààrí náà wà báyìí.

Ní ìdílé àdúrà wa, a ti ka ìtàn Jékọ́bù, ẹni 130 ọdún tí ó dìde lọ sí Íjíbítì kí ó lè rí Jósẹ́fù kí òun tó kú, tí Fáráò sì fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọmọ mi kékeré béèrè bóyá wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ Jékọ́bù ní bodè Íjíbítì. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni ó wà lórí oyè níbẹ̀. Bàbá mi ní ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kí n ka ìyókù, nítorí ìgbà kan dé tí àwọn ará Íjíbítì kò mọ Jósẹ́fù mọ́.

Ní ọjọ́rú tí ń bọ̀ ni a óò lọ sùn ní Èkó ní ilé ìbátan kan, kí a má baà ti Ìjẹ̀bú-Òde sáré wọ ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò ṣí. Ọmọ Màmá Kùmásí yóò pàdé wa ní Accra, òun ni yóò sì mú wa gòkè lọ. Ìyàwó mi ti ran àpò kékeré kan sí inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ bàbá, ní ẹ̀gbẹ́ àyà, fún ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò. Ó wọ̀ ọ́ wò ní òwúrọ̀ yìí, ó fi ọwọ́ wá ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní ó ga jù, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ òun lè tètè bà á. A ti ń tú u.